Ohùn Màmá Wa Ni Mo Fi Dá Ìyá Ọkọ Àbúrò Mi Lóhùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo ti pa irọ́ kan. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ má kàn bú mi.

Abidjan níbí ni wọ́n bí wa sí, Ṣakí làwọn òbí wa ti wá. Ẹja ni màmá wa ń fi igi yan tà ní Vridi, èéfín yẹn ló fi rán wa níléèwé. Ní báyìí, ó ń kó sálúbàtà sínú frigo tá a fi ń mú omi tutù, ó ń fi orúkọ àbúrò ẹ̀ tó ti kú pe ọmọbìnrin mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Dókítà tó wo scanner orí ẹ̀ ní Plateau, ní Abidjan níbí, ní Alzheimer ni, àrùn tó ń mú èèyàn gbàgbé nǹkan, pé ọpọlọ ti ń súnkì. Mo sọ fún un pé bí ìyá màmá náà ṣe ṣe nìyẹn kó tó kú. Ó ní ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́... ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ò tọ́jú, èéfín ọdún gbọọrọ, gbogbo ẹ̀ lè dá kún un. Ó ní kéèyàn tiẹ̀ jogún ẹ̀, kì í ṣe dandan kó mú un. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, mo sì sọ fún Tàǹtí, àbúrò bàbá wa.

Àbúrò mi obìnrin ń lọ sílé ọkọ. Ẹ sì mọ̀ wá, a máa ń wádìí ìdílé, ṣé wèrè wà níbẹ̀, ṣé wárápá wà níbẹ̀... Tàǹtí ní tí àwọn àna bá gbọ́, wèrè ni wọ́n máa pè é. Ló bá sọ fún wọn pé màmá ti lọ Ṣakí. Ìyá ọkọ ní ó dáa, òun á kí i lórí fóònù. Tàǹtí na fóònù portable ẹ̀ sí mi, ó ní ṣebí ohùn ìyá ẹ lo gbé sọ́fun kiri, ó yá, lò ó. Mo lò ó o. Mo ṣàdúrà fún ìyàwó bíi màmá gan-an, obìnrin yẹn ń ṣàmín, ó ń sunkún ayọ̀... màmá jókòó tì mí, òun náà ń ṣàmín.

Tí mo bá jogún ohùn, kí ni mo tún jogún? Tí mo bá gbàgbé iyọ̀ lọ́jà báyìí, àyà mi á já. Tí wọ́n bá ní ọmọ mi fojú jọ màmá, tó jẹ́ pé inú mi máa ń dùn tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mo máa ń gbé e wọlé.

Àbúrò mi mọ̀ nípa irọ́ Ṣakí, ṣùgbọ́n ó rò pé ogbó lásán ni. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè kan òun àti ọmọ tó máa bí. Ìyá ọkọ ẹ̀ sì ti ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, òun á wá kí màmá nílé, pé ó yẹ kó ti dé. Ṣé kí n sọ fún àbúrò mi kó tó di ọjọ́ náà, kí ìgbéyàwó sì dàrú mọ́ mi lọ́wọ́? Àbí kí n kúkú ti màmá mọ́ yàrá, kí n ní kò tíì dé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ìyá ọkọ, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni mo ṣàdúrà yẹn fún ńkọ́... ṣé ẹ máa dárí jì mí, kẹ́ ẹ ṣì gba ìyàwó yín?