Báńmì Tí Kò Ní Ìyá

                                                  Yàrá Òkè, Ilé Kẹrìnlá,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Àtijọ́.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Gọ́ọ̀mù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ọmọ ọmọ tí wọ́n ti sọ orí àga rẹ di pápá ìṣeré? Orúnkún tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe agídí sí oògùn. Mo mọ̀ ọ́ dáadáa. Tí dókítà bá ní kí o lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ìwọ á lò ó lẹ́ẹ̀kan, wàá ní ara rẹ ti yá. Ẹ kú ìtọ́jú ilé o, ẹ sì kú òtútù. Ní tèmi, ara le. Kò sí ohun tó ń dùn mí àfi ọwọ́ ọ̀tún tí mo fi ran ìwé fún ogójì ọdún, ìyẹn náà ò sì ní kí n má jẹun.

Má bínú pé lẹ́tà rẹ ti wà lórí tábìlì mi láti oṣù tó kọjá. Ohun kan ló gbà mí lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ kọ ọ́ sí ọ nígbà tí kò tíì lójútùú. Ó ti lójútùú báyìí. Fìdí kalẹ̀ kí o gbọ́.

O rántí ọmọ mi, Ọ̀gá Kékeré. Ìwọ lo fún un lórúkọ yẹn, nígbà tó máa ń jókòó sórí páálí ní ṣọ́ọ̀bù ìdìwé wa, tí á máa pàṣẹ fún èmi tí mò ń ránwé àti ìwọ tí ò ń lẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá Kékeré ti di obìnrin gidi. Ilé ìtọ́jú ẹranko ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń bá dókítà di ajá mú, òun náà ló ń fi ìgò fún ọmọ màlúù tí kò ní ìyá ní mílíìkì. Láti ìgbà tí ìyá tirẹ̀ náà ti papò dà, kì í pa Sátidé jẹ. Á wá sílé, á bá mi jẹun ọ̀sán. Oúnjẹ yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan ti parí, Gọ́ọ̀mù. Kò sí ohun mìíràn tí mo fi ń mọ̀ ọ́n látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì.

Ní nǹkan bí oṣù méje sẹ́yìn, ó gbé abọ́ kan dé tó ní ọmọrí búlúù. Ó ní òun ò jẹ ẹran mọ́. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, oúnjẹ tirẹ̀ ló ń gbé wá. Á ṣí abọ́ rẹ̀ níhà ọ̀hún, èmi á gbé àwo tèmi síhà ìhín. Á ní, "Bàbá, ẹ wá bá mi jẹun." Èmi á dáhùn pé, "Á gba ibi ire." Bí àwọn tó pàdé ní ibùdókọ̀! Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi bọ́! Mo wá kórìíra ọmọrí búlúù yẹn ju bí mo ṣe kórìíra ẹni tó ń fi itọ́ ṣí ìwé.

Ìgbà náà ni mo rántí báńmì. Ìwọ náà ò lè gbàgbé rẹ̀. Sáńwíìṣì àwọn ará Fiẹtinámù tí Màmá Oníbúrẹ́dì máa ń tà lójú fèrèsé, ní òdìkejì ibi iṣẹ́ wa. Búrẹ́dì gígùn tí èèpo rẹ̀ ń rún wómúwómú, kárọ́ọ̀tì tó kan díẹ̀, kùkúmbà, ata, ewé olóòórùn dídùn, àti ẹran sísun láàárín. Ẹyọ kan ni mo máa ń rà ní Sátidé. Màá gé e sí méjì, màá na ìdajì sí Ọ̀gá Kékeré, màá ní, "Ó yá, bá mi jẹ ẹ́." Ọmọ náà ti gbà pé orúkọ oúnjẹ náà nìyẹn. Nígbà tí tíṣà bi í pé kí ni oúnjẹ tó fẹ́ràn jù, ó dìde, ó ní "Bá-mi-jẹ-ẹ́." Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́ fún ọ, o rẹ́rìn-ín títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ.

Mo pinnu pé èmi fúnra mi á ṣe é nílé, láìsí ẹran. Bí mo ṣe rò ó nìyí: ọmọ ò jẹ ẹran, mo yọ ẹran kúrò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo ra búrẹ́dì, mo gé kárọ́ọ̀tì, mo dín olú dípò ẹran, mo fi máyónéèsì pa inú búrẹ́dì. Mo wá wọ́n omi ẹja oníyọ̀ inú ìgò lé gbogbo rẹ̀ lórí, torí mo rántí pé Màmá Oníbúrẹ́dì kì í ṣe é láìsí i. Ọmọ náà gé e jẹ, ojú rẹ̀ là. Ó jẹ ìdajì, abọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò ṣí i. Ó bi mí pé kí ni mo fi sí i tó dùn tó báyìí. Èmi aláròyé, mo sáré gbé ìgò omi ẹja wá, mo gbé e sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

Ó gbé sáńwíìṣì náà sílẹ̀. "Bàbá, ṣebí mo ní mi ò jẹ ẹran."

"Ẹja nìyí. Ẹja kì í ṣe ẹran."

Sọ òtítọ́, Gọ́ọ̀mù. Nínú èmi àti ìwọ, ta ni wọ́n kọ́ pé ẹran ni ẹja? Tí ẹni tó ń bu oúnjẹ bá bi ọ́ pé, "Ẹran ni àbí ẹja?", ṣé nǹkan kan náà ló ń pè lẹ́ẹ̀mejì? Bí mo ṣe sọ ọ́ fún un nìyẹn, mo sì sọ ọ́ sókè. Mo tún fi kún un pé ẹyin inú máyónéèsì náà kì í ṣe ẹran. Ibẹ̀ ni mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní òun rò pé mo ti gbọ́ òun yé ni, àṣé bí màá ṣe borí òun ni mò ń wá. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó dìde. Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú padà.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe máa yé yín. Ohunkóhun tó bá ní ìyá, Bàbá, mi ò jẹ ẹ́."

Sátidé tó tẹ̀lé e, kò wá. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀. Sátidé kejì, iṣẹ́ tún pọ̀. Mo gbé àwo méjì sílẹ̀, mo tún gbé ọ̀kan padà. Ẹ̀rù bà mí, ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìyá rẹ̀ ti lọ. Tí òun náà bá dẹ́kun àtiwá, kí ló kù fún mi nínú ilé yìí?

Mo wọ bàtà, mo lọ wá Màmá Oníbúrẹ́dì. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ti ti fèrèsé rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n òkè ibẹ̀ náà ló ṣì ń gbé, ó sì ṣì ń pè mí ní "ọmọkùnrin yìí." Mo ṣàlàyé òfin ìyá fún un. Kò tiẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó ní nílé ìyá òun, ọjọ́ mélòó kan wà nínú oṣù tí wọn kì í fọwọ́ kan ẹran rárá, báńmì kò sì torí ẹ̀ wọ́n lórí tábìlì. Ó gbé nǹkan funfun kan jáde tó dà bí ọṣẹ ìfọṣọ. Ó ní wàrà ni.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, wàrà ní ìyá. Màlúù ni."

Ó gbá mi lọ́wọ́. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ṣe é, ó ní, kò fojú kan màlúù rí. Ó wá kìlọ̀ fún mi pé omi pọ̀ nínú rẹ̀, tí mi ò bá fún un jáde, á rí pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ lẹ́nu. Òkúta ni òun máa ń gbé lé e.

Òkúta kẹ̀! O rántí irin ìfúnwé wa, onísúkúrù ńlá, tí a fi ń fún ìwé pọ̀ kí gọ́ọ̀mù rẹ tó gbẹ? Èmi ni mo gbé e lọ nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù. Ìkòkò òdòdó ló ń rù lẹ́bàá fèrèsé mi láti ìgbà náà. Mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, mo fi aṣọ funfun wé wàrà sóyà náà, mo tì í sáàárín pákó méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí yí súkúrù. Ti àkọ́kọ́, ìwàǹwára ló mú mi. Ó bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fò lọ lẹ̀ mọ́ kọ́tìnì. Ti ìkejì, mo rántí bí ìwọ ṣe máa ń ṣe é: o á yí i díẹ̀, o á lọ mu omi, o á tún yí i díẹ̀. Omi ń kán tó, tó, tó sínú abọ́. Nígbà tí mo tú u, ó ti le dáadáa. Mo gé e pẹlẹbẹ, mo rẹ ẹ́ sínú omi sóyà dúdú, aáyù, atalẹ̀ àti ṣúgà díẹ̀, mo dín in títí etí rẹ̀ fi pọ́n. Òórùn rẹ̀ mú kí ará ilé ìsàlẹ̀ kan ilẹ̀kùn mi pé ṣé mo ní àlejò ni.

Rúlà irin àti ọ̀bẹ ìgéwé ni mo fi gé kárọ́ọ̀tì. Rẹ́rìn-ín tí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gùn ju èkejì lọ. Dípò máyónéèsì, mo po mílíìkì ẹ̀wà sóyà mọ́ òróró títí ó fi ki. Mo bi oníbúrẹ́dì orígun òpópónà bóyá wọ́n ń fi ẹyin tàbí bọ́tà pa búrẹ́dì lára. Ó ní rárá, ìyẹ̀fun, omi, iyọ̀ àti ìwúkàrà ni. Mo ní, "Ìwúkàrà yẹn ńkọ́, ṣé ó ní ìyá?" Ó wò mí, ó dá ẹni tó wà lẹ́yìn mi lóhùn.

Ó wá ku fínígà tí wọ́n fi ń sọ kárọ́ọ̀tì di kíkan. Màmá Oníbúrẹ́dì ti fún mi ní ìgò kan tó ṣe fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ nílé, mo rí nǹkan kan nísàlẹ̀ rẹ̀, ó rí jọ̀bọ̀tọ̀, bí awọ tó rẹ sómi. Mo pè é lórí fóònù.

"Màmá, kí ló jókòó sísàlẹ̀ ìgò yìí?"

"Ìyá rẹ̀ ni."

Gọ́ọ̀mù, ara mi bù máṣọ! Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò náà, mo gba òpópónà padà, mo gun àtẹ̀gùn rẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ má bínú, ọmọ mi ò jẹ ohun tó bá ní ìyá." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní orúkọ lásán ni, pé ohun tó ń mú fínígà kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kò bí ẹnikẹ́ni. Mo ní ọ̀rọ̀ orúkọ ló kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́ ní àkọ́kọ́, mi ò tún bá orúkọ jiyàn mọ́ láyé mi. Mo gbé e fún un, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lò.

Mo wá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Ọ̀gá Kékeré: "Máa bọ̀ ní Sátidé. Kò sí ohun tó ní ìyá nínú oúnjẹ yìí, àfi èmi tí mo sè é." Ó dáhùn pé, "Mò ń bọ̀." Kò fi nǹkan kan kún un.

Ó dé lóòótọ́. Ó gbé abọ́ rẹ̀ dání. Nígbà tí mo rí ọmọrí búlúù yẹn, ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Ó gbé e sórí tábìlì. Mo gbé báńmì síwájú rẹ̀. Ó fi ìka ṣí i wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ń bi mí léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dáhùn. Nígbà tó kan ohun tó mú kárọ́ọ̀tì kan, mo sọ ọ̀rọ̀ fínígà fún un, bí mo ṣe gbé ìyá rẹ̀ padà fún onínǹkan. Ó fọwọ́ sàyà, ó fi orí sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ gan-an ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn nínú ilé yìí.

Ó gé báńmì sí méjì, ó ti ìdajì sí ọ̀dọ̀ mi. "Bàbá, ẹ bá mi jẹ ẹ́."

Mi ò sọ pé á gba ibi ire. Mo fa àga mi sún mọ́ ọn, mo jẹ ẹ́. Búrẹ́dì náà le díẹ̀, ata rẹ̀ sì pọ̀ jù, a ń fa ikun símú bí ọmọdé, ṣùgbọ́n ó dùn, mi ò parọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ fún bí mo ṣe pariwo mọ́ ọn. Ó ní òun náà ò yẹ kí òun bínú lọ.

Nígbà tí a jẹun tán, ó fa abọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó ṣí ọmọrí rẹ̀. Òfìfo ni. Ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ.

Ó ní, "Ẹ bá mi di méjì sí i. Mo ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé bàbá mi ń ṣe báńmì."

Ṣé o rí i, Gọ́ọ̀mù? Ó ti gbé abọ́ òfìfo kúrò nílé kó tó mọ̀ bóyá màá tún ṣe é dáadáa. Mo yíjú sí fèrèsé, mo ń ṣe bí ẹni tó ń yẹ súkúrù irin wò.

Bá mi kí ìyàwó rẹ dáadáa, kí o sì sọ fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ pé mo ní kí wọ́n rọra pẹ̀lú orúnkún bàbá wọn àgbà. Ọ̀gá Kékeré ní kí n kí ọ, ó ní gbèsè ìtàn tí o máa ń sọ fún òun ní ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lọ́rùn rẹ. Tí ẹsẹ̀ bá ti gbà, wá lọ́jọ́ Sátidé, wá bá mi jẹ ẹ́. Tí o bá ń bọ̀, gbé abọ́ dání. Òfìfo ni kó jẹ́ o.

Tìrẹ náà ni mo ṣì jẹ́,
Alábẹ́rẹ́