Ìbéèrè Bàbá Tóbi Ni Mo Ń Bi Tísà

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi. Wọ́n ń pè mí ní ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé níbi iṣẹ́ wa báyìí, irọ́ ni, ọpọlọ ẹlòmíràn ni...

JSS 2 ni mo kàwé dé. Ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń kọ software ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń gbálẹ̀, tí mo ń po tíì, tí mo ń lọ ra oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá Tóbi, ará àdúgbò wa ní Imusin, ló bá mi wá iṣẹ́ náà. Àwọn ló dàgbà jù nínú àwọn tó ń kọ software níbẹ̀, mọ́tò wọn ni mo ń bá lọ, òun náà ni mo ń bá bọ̀.

Ọ̀gá wa wá ní èdè tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí ti di ti àtijọ́, Rust ni ayé ń lò, ó sì mú Tísà kan wá láti Èkó kó wá kọ́ wọn. Ọmọ kékeré ni Tísà... tó bá bi wọ́n pé ṣé ó yé wọn, gbogbo wọn á ní ó yé àwọn. Ṣé ó yé wọn lóòótọ́? Ta ló máa nawọ́ sókè níwájú ọmọ tí wọ́n lè bí? Èmi tí mo ń kó ife, mo ń rí ojú wọn.

Lọ́jọ́ kan nínú mọ́tò, Bàbá Tóbi ní kí n bá àwọn bi Tísà ní nǹkan, kí n ṣe bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tó jẹ́ pé téèyàn bá ti gbé nǹkan fún apá mìíràn nínú software tó ń kọ, Rust kì í jẹ́ kó fọwọ́ kàn án mọ́, nígbà tí èdè àtijọ́ kì í dí èèyàn lọ́wọ́? Mo há a sórí bí ẹsẹ Bíbélì. Nígbà tí Tísà wá gba tíì ní kíṣìnnì, mo bi í, mo ń wolẹ̀... inú rẹ̀ dùn! Ó gbé ife tíì rẹ̀ fún mi, ó ní ṣé òun tún lè mu ún báyìí? Ó ní tí ẹni méjì bá ń ro tíì inú ife kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á dà á nù, ohun tí Rust ń dènà nìyẹn, àfi kéèyàn yá a kó sì dá a padà. Mo gbé e dé mọ́tò bó ṣe sọ ọ́. Bàbá Tóbi fọwọ́ lu sìtíárìn, “Ẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n kọ́ o, ó kàn kéré ni!” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ náà, ìbéèrè lọ, ìdáhùn bọ̀.

Àṣé Tísà ti ń ròyìn mi fún ọ̀gá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀gá pe gbogbo wa jọ, ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń béèrè ọ̀rọ̀ gidi, ọmọ tó ń po tíì! Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹnìkan ní, “Ìyá oní-tíì, ẹ wá gba àga wa o!” Ọ̀gá wá kọjú sí Bàbá Tóbi, ó ní wọn ò la ẹnu rí nínú kíláàsì, nǹkan tuntun kò wù wọ́n, kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́, ìparí oṣù ni wọ́n máa lọ, èmi ni màá jókòó síbẹ̀ máa kọ́ṣẹ́. Èmi náà... mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, sà. Kí ló dé tí mo sọ bẹ́ẹ̀? Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn. Kò sẹ́ni tó yìn mí láàrin èèyàn rí.

Nínú mọ́tò, Bàbá Tóbi ní kú oríire. Mo bú sẹ́kún, mo ní màá sọ fún ọ̀gá. Wọ́n ní, “O ò gbọdọ̀! Kí wọ́n lé mi pé mo ya ọ̀lẹ, ó sàn ju kí wọ́n gbọ́ pé mo ń rán ọmọdé sí ọmọdé.” Wọ́n ṣì ń dúró gbé mi láràárọ̀... ṣé ẹ rí ayé mi?

Tí mo bá sọ ọ́, mo dójú ti ẹni tó ràn mí lọ́wọ́. Tí n kò bá sọ ọ́, àga wọn ni mo fẹ́ jókòó lé, mi ò sì mọ nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá Tóbi ò fi ìbéèrè rán mi mọ́. Lánàá Tísà ní kí ni mo tún fẹ́ bi òun, mo kó ife, mo lọ fọ̀ wọ́n. Gbogbo èyí tí mo ti ń bi í, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tèmi. Èyí nìkan ni tèmi, ẹ̀yin ni mo sì gbé e wá bá: ṣé kí n sọ, àbí kí n dákẹ́?