Ìyànà Ọ̀fà tàbí Mọ́níyà: Èsì Ilé Tí O Ní Kí N Bá Yín Wò

Abà Olóbì,
Lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà,
Lágelú.

Hàjàrá ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́, ìyá Kaothar,

Àsàlámù àlékùmù. Kí ìwé yìí bá yín lórí ìjókòó, kó má bá yín lórí àìsàn. Mo kí ọ, mo kí Roheem àna mi, mo kí Kaothar, mo kí Mikail tí ẹ ní ó ti ń dá dúró fúnra rẹ̀. Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ tó ń kọ́ ìrìn kọ, kò sì ní gba ẹ̀rín lẹ́nu ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wò ó. Àwa náà wà níhìn-ín, àlùhámúdùlíláì. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún òun ti sàn, ṣùgbọ́n mi ò ní bá a purọ́, kò tíì sàn, níbi tó ti ń rán mi níṣẹ́ náà gan-an, ó di ògiri mú.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mo ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Fóònù ò gba ọ̀rọ̀ tó pọ̀. Bí mo bá pè ọ́, kí n tó kí ọ tán, wàá ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo wà ní ìpàdé. Mo sì ń gbọ́ igbe Mikail nínú ìpàdé náà, mo wá ń rò ó pé irú ìpàdé wo ni wọ́n ń gbé ọmọ ọwọ́ lọ. Ìyá rẹ ló là mí lóye pé ibi iṣẹ́ rẹ ti kó wọ inú kọ̀ǹpútà, pé ilé lo ti ń ṣe é báyìí, pé ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè kúrò ní Èkó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ bá mi bi ọ̀gá rẹ bóyá wọ́n ti ṣètò òjò, nítorí kọ̀ǹpútà tí ọmọ àbúrò mi ní, omi kán sí i lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló kú. Mi ò fẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí odidi ilé iṣẹ́ tí ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ wà nínú ẹ̀.

Nílé, òjò ti rọ̀ dáadáa, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ti gbọmọ pọ̀n. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bímọ, ó bí èjìrẹ́, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú, ìyá rẹ sì ti sọ èyí dúdú lórúkọ mi, mi ò tíì bi í léèrè ohun tó fà á.

Ọ̀rọ̀ ilé ló gbé mi jókòó. Ẹ ní kí n bá yín wo ilé méjì, ọ̀kan ní Ìyànà Ọ̀fà níbí, nínú àwọn ilé tuntun onígéètì, ìkejì ní Mọ́níyà, níbi tí yóò ti rọrùn fún Roheem láti máa wọ rélùwéè lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀ ní Èkó. Ẹ fi fídíò méjèèjì ránṣẹ́ sí fóònù ìyá rẹ, a sì wò ó. Ọmọkùnrin àjẹ́ńtì tó ń jẹ́ Olúyínká ló ń rìn kiri nínú ẹ̀, tó ń ṣílẹ̀kùn, tó ń tanná. Ìyá rẹ kí i pé ẹ kú iṣẹ́, kò dáhùn. Èmi náà kí i, ohùn àgbà ni mo fi kí i, ńṣe ló kẹ́yìn sí mi tó lọ sí ilé ìdáná. Mo ní ẹni tí kò lè jẹ́ kíkí àgbà, ṣé ọwọ́ ẹ̀ ló yẹ ká ti gba kọ́kọ́rọ́? Nígbà tí mo dé Ìyànà Ọ̀fà lọ́jọ́ kejì tí mo rí i lójúkojú, mo fi yé e pé ohun tó ṣe ní pálọ̀ wa lánàá kò dára. Ó wò mí títí, lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, mo ti dárí jì í, ó kàn jẹ́ pé bó bá ti wọ inú fóònù ló máa ń gbéraga.

Ilé náà dára, mi ò ní fi bò. Iná wà, omi ẹ̀rọ wà, ilẹ̀ ẹ̀ ń dán débi pé mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ìyàgbẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ilé kan ṣoṣo, mo bi Olúyínká pé irú inú rírun wo ló ń ṣe ẹni tó kọ́ ọ, ó ní rárá, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ báyìí nìyẹn. Ó wá ní onílé fẹ́ mọ iye ọmọ tí ẹ ní. Inú mi ò dùn sí ìyẹn rárá. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo ní kó sọ fún onílé pé Ọlọ́run ti ṣe é fún yín, pé ilé yín kún. Ó ní ó kún tó báwo? Mo ní ó kún débi tí orí ń wú, bẹ́ẹ̀ sì ni Ọlọ́run ò tíì dá ọwọ́ dúró. Ó tẹ onílé láago lójú mi, mo gbọ́ tó ń sọ pé ẹbí náà pọ̀ o, ọ̀gá. Bí onílé bá wá pè yín pé ilé òun ò gba ogún èèyàn, kí ẹ fi ọgbọ́n tù ú nínú, ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ iye fún un.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló gba oorun lójú mi. Olúyínká lọ dá kọ́kọ́rọ́ padà, mo dúró dè é níta. Mo rí ọmọbìnrin kan tí kò lè ju Kaothar lọ, ó ń gun irin tí wọ́n gbé táǹkì omi lé, ó ti gùn ún kọjá orí mi. Kò sí àgbà kankan nítòsí, gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì. Mo ké sí i pé kó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mo na ọwọ́, mo gbé e, mo sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa á ṣe ní abà: mo bá a wí, mo nu ojú ẹ̀, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, mo ní kó mú mi lọ sílé wọn kí n fẹjọ́ ẹ̀ sun ìyá ẹ̀. Ṣebí bí wọ́n ṣe tọ́ ìwọ náà nìyẹn. Ọjọ́ tí o lọ gun igi àgbálùmọ̀, ta ló fà ọ́ wálé? Àlejò tó wá ra kòkó ni, ìyá rẹ sì fún un lómi mu, ó ní ẹ ṣeun, ẹ bá mi fa etí ẹ̀ sí i.

Àmọ́ Hàjàrá, a ò tíì rìn dé ilé kejì tí obìnrin kan fi já síta pẹ̀lú igbe. Ó já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi. Fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ọlọ́dẹ yí mi ká, ọ̀kan nínú wọn tí mo lè bí lọ́mọ di ìdí ṣòkòtò mi mú, èmi Sàníù, tí mo fi fìlà Jímọ́ọ̀ wá wolé fún ọmọ mi. Wọ́n ní gbọ́mọgbọ́mọ ni mí. Ọ̀gá wọn lóṣòó síwájú ọmọ náà, ó bi í jẹ́jẹ́ pé ṣé o mọ bàbá yìí? Ọmọ wò mí, ó sì mi orí pé rárá. Òótọ́ ló sọ, wọn ò kọ́ ọ níkọ́kúkọ̀ọ́.

Olúyínká ló sáré dé tó là á yé wọn, wọ́n sì tú mi sílẹ̀. Nígbà tí ìyá ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ irin táǹkì, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ní kí n má bínú, pé ohun tí òun ń gbọ́ ní rédíò lójoojúmọ́ ni kò jẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀. Mo ní mi ò bínú. Lóòótọ́ ni mi ò bínú sí i. Ojú tì mí, ìyẹn yàtọ̀. Ayé tó dà báyìí, ìyá tó bá rí ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì tí kò pariwo ló yẹ ká bá wí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Lazarus ọ̀rẹ́ mi, onísọ́ọ̀sì Kérúbù, fi ọkọ̀ ẹ̀ gbé mi lọ sí Mọ́níyà. Obìnrin kan wà nínú fóònù Lazarus tó mọ ọ̀nà. Mi ò tíì rí obìnrin tó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ rí. Lazarus ṣìnà, ó tún ṣìnà, kò bú u, kò pòṣé, ńṣe ló ní kó yí padà, òyìnbó nìkan ló kàn ń sọ. Mo ní kí Lazarus bi í bóyá ó ti jẹun láàárọ̀, Lazarus ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí a dé, ó ní a ti dé, ó sì dákẹ́, kò béèrè ohunkóhun. Mo gbàdúrà fún ọkọ ẹ̀.

Ilé ti Mọ́níyà ò tó ti Ìyànà Ọ̀fà lẹ́wà. Ọ̀dà ti ń ṣí lára ògiri, kànga lẹ ó ti máa fa omi, ẹrẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kànga náà ní ìdérí irin àti àgádágodo, mo fà á wò, kò ṣí, ọ̀nà ọkọ̀ ńlá sì jìnnà sí i. Ẹbí mẹ́rin ló wà nínú ọgbà náà, wọ́n jọ ń lo àgbàlá kan. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí ọmọ kan fi sáré wọlé, tó kọsẹ̀, tó ṣubú sí iwájú mi gan-an, orúnkún ẹ̀ bó, ó figbe ta. Èmi tí mo ti kọ́gbọ́n, mo ká ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, mo gbójú sókè bí ẹni pé mò ń wo òjò.

Ìyá àgbà kan jáde láti ẹ̀yìnkùlé, Ìyá Ẹkúndayọ̀ ni wọ́n ń pè é, èlùbọ́ kún ọwọ́ ẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní irú àgbà wo lẹ jẹ́, tí ọmọ ń sunkún lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín tí ẹ ń ka àwọsánmà? Mo ní mi ò mọ ọmọ náà. Ó ní òun náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, pé àwọn tó kó dé sí ilé ẹ̀yìn ló ni ín, ṣé ó di ìgbà tí èèyàn bá mọ orúkọ kó tó nu ẹ̀jẹ̀ ni? Ó ní kí n gbé e wá síbi omi. Mo gbé e. A wẹ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó sì sùn lé mi léjìká, kí ìyá ẹ̀ tó ti ọjà dé, tó ní Bàbá ẹ ṣeun o, tó bi mí bóyá mo ti jẹun. Ọmọ mi, wọn ò bá mi wí kí ó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ti rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Àwọn ará Ìyànà Ọ̀fà yẹn kì í ṣèèyàn burúkú, géètì ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọmọ tiwọn, ojú ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ ní Mọ́níyà. Géètì dára, kì í rọrùn fún olè láti wọlé. Ṣùgbọ́n géètì ò rí ọmọ tó ń gun táǹkì. Ìwọ tí ojú rẹ á wà nínú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, tí Roheem á wà lórí rélùwéè, ta ni yóò máa wo Mikail tó ń kọ́ ìrìn? Ẹnì kan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń bá a wò ó. Mọ́níyà ni mo mú fún yín.

Kó yé ọ pé kò dùn mọ́ mi bí mo ṣe mú un. Ká ní Ìyànà Ọ̀fà ni, mo lè mu ẹ̀kọ tán láàárọ̀ kí n fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ yín kí oòrùn tó mú. Mo ti ya ebè sọ́tọ̀ fún Kaothar lẹ́yìn ilé, mo ti ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ọkọ́ kékeré kan fún un. Láti ibí dé Mọ́níyà, ọkọ̀ wíwọ̀ ni, sísọ̀ ni, wíwọ̀ ni. Nítorí náà, owó tí mo fẹ́ tọrọ ní tèmi ò ju owó mọ́tò lọ, kí ẹ máa fi í ránṣẹ́ lóṣooṣù. Kí ẹ rántí òróró orúnkún ìyá rẹ. Ó tún ní dátà òun ti tán, pé kí ẹ ra òmíràn. Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń gbé fóònù náà sí.

Ó ku ohun kan. Ìbéèrè ọ̀gá ọlọ́dẹ yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ṣé o mọ bàbá yìí? Mo fi Kaothar sípò ọmọ náà. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ ló wà, o fi ọ̀já gbà á. Mikail, mi ò tíì fọwọ́ kàn án rí, ìyá rẹ nìkan ló lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Inú fóònù ni wọ́n ti ń rí mi, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ bí mo ṣe rí Olúyínká ni àwọn náà ṣe ń rí mi, ọkùnrin kan tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ilé tí kì í ṣe tiwọn. Bí wọ́n bá bi Kaothar, òun náà á mi orí, òótọ́ ló sì máa sọ. Ìyẹn ló ń dùn mí, Àmọ̀kẹ́, kì í ṣe ti fèrè, kì í ṣe ti fìlà mi tó bọ́ sílẹ̀.

Mi ò bá ọ wí, mo mọ bí Èkó ṣe ń jẹ ọjọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó fún onílé kankan, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ wá sí abà, kí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa. Kí Kaothar bá mi ro ebè ẹ̀, kó gbọ́ bí mo ṣe ń húkọ́, kó pè mí títí tí á fi sú u. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tó bá wù yín ni kí ẹ gbà, mi ò ní jiyàn.

Ọlọ́run á mú yín kúrò ní Èkó láìfi nǹkan kan sílẹ̀ tí ẹ ó padà lọ sunkún wá. Ilé tí ẹ máa wọ̀ á gbà yín, á fi ìdùnnú gba àlejò yín. Ojú rere á pọ̀ yí àwọn ọmọ yín ká. Àti pé lọ́jọ́ tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà yín ní Mọ́níyà, bí ẹnì kan bá máa sáré jáde wá di ìdí ṣòkòtò mi mú, kó jẹ́ Kaothar.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàníù Àkànbí.