Díìṣì Ọmọ Mi Kì Í Ṣe Pátákó Ìpolówó

14, Òpópónà Olóko,
Agége, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Àmójútó Pátákó Ìpolówó,
Ìkẹjà, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ DÍÌṢÌ TÍ Ẹ TÚ LÓRÍ ÒRÙLÉ MI PADÀ KÍ Ó TÓ DI ỌJỌ́RÚ

1. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ yín tú díìṣì kan lórí òrùlé mi, wọ́n gbé e lọ. Ìwé tí wọ́n já fún mi pè é ní pátákó ìpolówó tí kò gba àṣẹ.

2. Ọmọ mi, Kaothar, ló fi ń ṣèwádìí ní yunifásítì. Ohun kan wà lójú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní kùásà. Ó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ń dé lónìí ti kúrò nílé kí ọmọ ènìyàn tó dáyé. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, oòrùn máa ń kọjá níwájú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òòfà oòrùn, irú agbára tó ń fa ọsàn já bọ́ látorí igi, ń tẹ ìmọ́lẹ̀ náà dé ìwọ̀n tí ìwé wọn sọ. Díìṣì ló ń gbà á, bíi rédíò. Ti Ìbàdàn, ti Ìlọrin àti tiwa ló gbọ́dọ̀ jọ gbà á. Méjì kò tó.

3. Lọ́dún kìíní, jẹnẹrétọ̀ Ìlọrin kú. Lọ́dún kejì, wáyà já nílé wa. Ọdún yìí ni yunifásítì fún Kaothar kẹ́yìn. Ọjọ́rú ni oòrùn ń kọjá.

4. Mo jẹ̀bi níbì kan. Nítorí àwọn tó ń jí irin tà, mo ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ yunifásítì gàdàgbà sẹ́yìn díìṣì náà. Kaothar ní kí n má ṣe é. Mo ní ọmọdé ò mọ Agége. Olè kò fọwọ́ kàn án. Ọ́fíìsì yín ló kà á.

5. Mo wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀gbẹ́ni Jubril, akọ̀wé yín, fi sùúrù sọ pé ọjọ́ iṣẹ́ mọ́kànlélógún ni ẹ fi ń gbé ẹjọ́ yẹ̀wò. Mo ní kí n san owó pátákó. Ó ní bí mo bá san án, mo ti gbà pé pátákó ni, ẹ kì í sì í dá pátákó padà. Mo ń wo díìṣì náà lójú fèrèsé bó ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti to pátákó lé e lórí.

6. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ ọjọ́ kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní díìṣì náà di Ọjọ́rú nìkan. Èmi fúnra mi á dá a padà ní Ọjọ́bọ̀. Mo ti ra ọ̀dà funfun tí a ó fi pa orúkọ náà rẹ́. Ẹ̀yin ni mo lè bẹ̀. N kò mọ ẹni tí mo lè bẹ̀ kí oòrùn dúró.

Ẹ ṣeun bí ẹ bá ka ìwé yìí lónìí.

Èmi ni tiyín tó ń retí,

Sùlíyá Dàwódù (Ìyáàfin),
Oníṣòwò ọ̀rá, ìyá Kaothar.