Wo Òkè Kí O Tó Jókòó

Abúlé wa, lẹ́bàá Ọbáfẹ́mi,
Ọjọ́ Ajé.

Mọ́láyọ̀ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá ibì kan jókòó sí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo òkè orí rẹ kí o tó jókòó. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ ní Èkó kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ, àmín. Ara wa le, bàbá rẹ ń jẹun bó ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀, ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ti bímọ, abo ni àwọn méjèèjì, mo sì kí i kú ewu dáadáa.

Nígbà tí o pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹkún ni o fi bẹ̀rẹ̀. O ní ọmọkùnrin tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ́ níṣẹ́ ní báńkì yín ni wọ́n tún fi ṣe ọ̀gá lé ọ lórí, àti pé àyè ọ̀gá mìíràn ti ṣí sílẹ̀, títí di Fúráìdè ọ̀sẹ̀ yìí ni wọn yóò gba orúkọ, ṣùgbọ́n o kò ní fi orúkọ tìrẹ sílẹ̀ mọ́ láé. Mo bi ọ́ pé kí ló dé, o ní àjà onígíláàsì kan ló wà lórí ẹ̀yin obìnrin ibẹ̀, ojú kì í rí i, àfi kí ẹni tó bá fẹ́ gòkè forí gbá a. Ibẹ̀ ni fóònù já. Mi ò pè ọ́ padà, lẹ́tà ni mo ní kí n kọ, torí àwọn tó wà lókè gíláàsì yẹn, bí wọ́n bá ń rí yín, wọn yóò máa gbọ́ yín náà.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí, mo sì rí ìdí tí wọn kò fi jẹ́ kí obìnrin gòkè. Bí obìnrin bá wọ síkẹ́ẹ̀tì tó ń rìn lórí gíláàsì, kí ni àwọn tó wà nísàlẹ̀ yóò máa wò? Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ń bò yín láṣìírí ni. Nítorí náà, gbogbo èébú tí mo bú ọ lórí ṣòkòtò nígbà Àjíǹde, mo kó o padà. Máa wọ ṣòkòtò lọ síbi iṣẹ́, bí pásítọ̀ bá bi ọ́, ní èmi ni mo rán ọ.

Mo wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Mowe, sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aládùúrà obìnrin ìjọ wa. Màmá Adéyẹ́misí tó jẹ́ olórí wa ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. A dìde, a pàtẹ́wọ́, a ní kí àjà gíláàsì báńkì Mọ́láyọ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́, a gba àdúrà náà débi pé gèlè Ṣèyífúnmi akọ̀wé wa tú. Ìgbà tí mo dé ibùdókọ̀ ni àyà mi já. Bí gíláàsì bá fọ́, orí ta ni àfọ́kù rẹ̀ máa já lé? Àwọn ọkùnrin wà lókè, ẹ̀yin lẹ wà nísàlẹ̀. Mo sáré padà, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí a dá àdúrà náà dúró. Màmá Adéyẹ́misí fajú ro, ó ní àdúrà kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn ń ní kó fẹ̀yìn rìn. Nígbà tó yá, ó gbà kí a ní kó yọ́ bí òrí inú oòrùn. Bí a ṣe ṣàmín tán ni Ṣèyífúnmi ní gíláàsì tó bá yọ́ máa ń gbóná ju epo àkàrà lọ, la bá tún kúnlẹ̀. Èyí tí a fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n kàn ṣí i bíi fèrèsé. Mi ò mọ èyí tí Ọlọ́run gbọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí nìyí tí mo fi di àṣíborí Mùtíù ọlọ́kadà mọ́ lẹ́tà yìí, Ashraf tó ń kó ìrẹsì lọ sí Èkó ni yóò gbé e fún ọ. Máa dé e lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín kò mọ ohun tó ń bọ̀ ni.

Ó wá di Sátidé, ẹgbẹ́ onírẹsì wa ṣèpàdé lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀rọ ìrẹsì. Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ tó ń ṣe alága ní agbára òun kò gbé e mọ́, òun ń fi ipò sílẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì pe orúkọ Mùízz. Mùízz yìí, èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń bọ ìrẹsì tí kì í fi í rùn. Àwa obìnrin la ń bọ̀ ọ́, àwa la ń sá a, àwa la ń ṣa òkúta rẹ̀, ọkùnrin ló sì ń ṣe alága láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, àwa a wá se oúnjẹ ìpàdé. Ọ̀rọ̀ rẹ sọ sí mi lọ́kàn. Mo gbójú sókè, mo ń wá gíláàsì. Kò sí. Àtíbàbà wa kò tilẹ̀ ní àjà rárá, páànù lásán ni, ó tún lu. Mo bi ara mi pé kí ló wá ń dá àwa dúró láti ọjọ́ yìí. Ó bí mi nínú, Mọ́láyọ̀, ó bí mi nínú gan-an.

Ni mo bá nawọ́, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní obìnrin kò ṣe é rí, bàbá rẹ ń wúkọ́ tí kò ní ikọ́. Mo ní kí ẹni tó bá rí ohun tó dí mi lọ́nà lókè fọwọ́ hàn mí. Gbogbo wọn gbójú sókè, Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ tilẹ̀ yọ awò ojú rẹ̀ ó nù ún, wọn kò rí nǹkan kan àfi ilé agbọ́n. Wọ́n kọ orúkọ mi. Sátidé tó ń bọ̀ la ó dìbò, bàbá rẹ sì ti ní òun yóò dìbò fún mi bí kò bá sí ẹni tó ń wo òun.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kí o fi orúkọ rẹ sílẹ̀ ní Fúráìdè, kí n lè rí nǹkan gbójú lé ní Sátidé. Tìrẹ tilẹ̀ sàn, ẹni tó wà lábẹ́ gíláàsì ń rí ibi tó ń lọ.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra àṣíborí mìíràn fún Mùtíù, ìkòkò ìyàwó rẹ̀ ló ń dé gun ọ̀kadà báyìí, ìyàwó kò sì rí ohun se ọbẹ̀. Má fi owó náà sínú fóònù o. Èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo ṣí ẹ̀yìn fóònù títí, bátìrì nìkan ni mo bá.

Òkè lọ́wọ́ afúnni ń gbé, òkè ni ìwọ náà yóò máa gbé. Orí tí o gbé wáyé kò ní gbá ògiri, kò ní gbá àjà.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń du ipò alága.

Mo fẹ́ gbàgbé. Bí o bá dókè, ìgbálẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ bèèrè. Gbá gbogbo àfọ́kù ibẹ̀ dànù, torí àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ lè má wọ bàtà.