Oorun Nídìí Ọkọ̀ Ọmọ Ilé Ìwé

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Mo sùn nídìí ọkọ̀ lónìí. Kí n má parọ́ fún ìwé. Ọkọ̀ ń lọ, ọmọ ilé ìwé mọ́kànlá wà lẹ́yìn, èmi ń sùn. Ọpẹ́lọpẹ́ Àǹtí Ohùn — obìnrin tó ń bá mi kó wọn, ohùn tó lè jí òkú — ló pariwo: "Bàbá! Iwájú!" Kí n tó lajú, táyà ti gun etí títì, òpó iná ò ju apá kan lọ sí wa. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé eré ni.

Mo sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé bíréèkì ló kọ̀. Àgbàlagbà bíi tèmi.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ni mo gbé fóònù sílẹ̀. Jagunlabí ni mo ń pe fóònù náà. Kí ni mò ń wò? Ẹni tó ń ṣubú, ẹni tó ń jà, ilé olówó. Àtàńpàkò ṣáà ń fà á lọ sókè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo ní kí Jagunlabí sùn sí kíṣìnì. Èmi ò sùn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ìyàwó mi ká mi mọ́ kíṣìnì láàárín òru, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń wo fóònù bí ẹni tó ń jí ẹran jẹ. Kò bínú. Ó ní, "Dádì wọn, kí lẹ ń sá fún lórí bẹ́ẹ̀dì yìí gan-an?" Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí tirẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń sá fún. Láti ọjọ́ tá a ti sin ín, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ilé bá pa rọ́rọ́, ohùn rẹ̀ ló ń wá. Ìgbà tó pè mí kẹ́yìn, mo ní màá pè é padà. N ò pè é.
Mo sunkún lánàá. Lẹ́yìn ẹkún, oorun. Wákàtí mẹ́rin.

Ọjọ́rú, 12
Wákàtí mẹ́fà. Oúnjẹ tún ń dùn lẹ́nu.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ojú mi ti wá dá — ohun tí mo rí ò dáa. Mẹkáníìkì ilé ìwé tú bíréèkì palẹ̀ nítorí irọ́ mi, kò rí àléébù kankan. Ọ̀gá ilé ìwé ní iṣẹ́ ò yé e, kó má padà wá mọ́. Ọkùnrin náà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó kọjá lára mi: "Bàbá, ẹ máa rọra wa ọkọ̀ yẹn o, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i." Èmi ló ń ṣàánú. Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì.

Ọjọ́ Ajé, 17
Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni tèmi.
Mo wọlé tọ ọ̀gá ilé ìwé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, mo ní kó pe mẹkáníìkì padà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Bàbá, ọmọ ọmọ mi wà nínú ọkọ̀ yẹn."
"Mo mọ̀, mà."
"Màá pè é padà. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́." Ó na ọwọ́. Mo kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Mo sun wákàtí mẹ́jọ gbáko. Mo ti wọ bàtà tán kí n tó rántí pé kò síbi tí mò ń lọ.