Ọ̀rinrin Yàrá Àwa Méjì

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Júláì 1964

Wúrà, àlejò ti padà dé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè é báyìí, dúdú tó ń hù lára ògiri yàrá wa, ní igun tí àmù rẹ wà. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á títí ìka mi fi bó. Ògiri mọ́, mo dúpẹ́. Mo jí lónìí, ó ti tún yọ irun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí ẹ̀yìn ológbò. Òórùn aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú àpótí ló ń rùn.

Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà ni mo ń kọ èyí sí. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ ògiri fún àwọn èèyàn, wọ́n á ní ọ̀fọ̀ ti dà mí lórí rú. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún, ìwọ ni o kò sì sí nílé.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Júláì

Mo pọn omi kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Jàfárù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ tó kọjú sí tiwa, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. O mọ ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá wo ìyàwó tuntun! Télọ̀, gèlè nìkan ló kù." Mo ní kó wá bá mi wé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ìloro. Lẹ́yìn náà ó wo garawa mi. Ó ní, "Ìwọ nìkan ṣoṣo, kí lo ń fi gbogbo omi yìí ṣe?"

Mo gbé omi wọlé. Ìwọ mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ tí o béèrè omi, mo ti igbá bọ inú àmù, igbá kan ìdí. Gbẹrẹ. Ìró yẹn kò tíì kúrò létí mi. Mo mú garawa, mo sáré lọ sódò. Nígbà tí mo fi dé, màmá rẹ ti fa aṣọ bò ọ́ lójú.

Láti ọjọ́ náà, àmù rẹ kò dín rí. Dé ẹnu ni mo ń kún un. Bó bá fi ìka kan lọ sílẹ̀, mo tún bu sí i.

Ọjọ́rú, 8 Júláì

Òjò láti àárọ̀. Mi ò rán ohunkóhun. Àmù kún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Júláì

Baba Kọ́kọ́rọ́ wá. Ìwọ lo sọ onílé wa, Bàbá Rùfáì, lórúkọ yẹn, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ máa ń ró kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Ó fi ọ̀pá gún ògiri. Sìmẹ́ńtì ṣí, amọ̀ tútù já bọ́ sórí bàtà rẹ̀.

Ó ní, "Télọ̀, ilé ni mo kọ́. Mi ò kan ọkọ̀ ojú omi."

Ó wo òkè, ó ní òrùlé ni. Ó wo fèrèsé, ó ní mo ti ilé mọ́rí bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Bí igun yẹn bá rọ̀ tán, yóò wó lu àwọn ọmọ tó wà ní yàrá kejì. Bí ọ̀rinrin yìí kò bá lọ kí oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì tó parí, kí n kó jáde. Òun yóò wó igun náà, òun yóò tún un mọ, òun yóò sì fún ẹlòmíràn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Ó ní òun náà ti sin ìyàwó rí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Kí n kó jáde. Kúrò níbi tí o ti kọ́kọ́ bọ́ bàtà. Àmì òróró orí rẹ ṣì wà lára ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì, níbi tí o máa ń fẹ̀yìn tì bó o bá ń bó ẹ̀gúsí. Ibẹ̀ gbẹ. Mi ò jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì kan débẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Júláì

Lucas káfíńtà gun òkè, ó pààrọ̀ páànù kan tó ti jò. Ó ní òjò ò ní mọ ọ̀nà ilé mi mọ́. Mo fi ẹfun kun igun náà. Funfun báláú. Mo jókòó, mo ń wò ó bí ẹni ń wo aṣọ tuntun.

Mo kún àmù.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Júláì

Àlejò ti jẹ ẹfun.

Ọjọ́bọ̀, 23 Júláì

Ìtìjú bá mi lónìí. Léèsì funfun tí Catherine kó wá fún aṣọ ìsàmì ọmọ rẹ̀—mo tú u, ó ti yọ àmì dúdú kéékèèké láti etí kan dé èkejì. Orí àpótí ní igun yẹn ni mo gbé e lé. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ó ní kí n dìde, òun yóò fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ sá a sóòrùn. Ó wá ń wò mí láti òkè délẹ̀. "Télọ̀, ṣé ìwọ náà ò ti máa bu báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀. "Ṣí fèrèsé. Jẹ́ kí atẹ́gùn rí ẹ."

Mo ṣí i. Àtìgbà tí o ti lọ ni mo ti tì í, nítorí mo rò pé òórùn rẹ wà nínú yàrá. Wúrà, òórùn ògiri nìkan ló wà níbẹ̀. Mo sunkún díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òjò ti dáwọ́ dúró. Oòrùn mú gan-an. Mo gbé mátíráàsì síta, mo gbé àpótí síta. Fèrèsé ṣí tọ̀sán-tòru. Òrùlé gbẹ. Bóyá Ọlọ́run ti gbọ́.

Ọjọ́rú, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ojú ọ̀nà ti ń ta eruku, ògiri wa ṣì ń làágùn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, ọwọ́ mi tutù. Níbo ni omi yìí ti ń wá?

Ọjọ́ Àìkú, 9 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ó ti sú mi. Ẹ̀gbọ́n mi Benedict ní yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ òun ní Ìrẹ̀lẹ̀. Mo ní mo ń bọ̀.

Máṣíìnì á wọ lọ́rì. Bẹ́ẹ̀dì á wọ lọ́rì. Àmù rẹ ńkọ́? Ojú ọ̀nà burú, yóò fọ́ kí a tó dé. Mo ránṣẹ́ sí màmá rẹ ní Igbótako pé kí wọ́n wá wò ó bóyá wọ́n lè bá mi tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ońṣẹ́ lọ tán, ó dà bíi kí n sáré pè é padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Ọ́gọ́ọ̀sì

Màmá dé. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká. Wọn ò jókòó. Ìdí àmù ni wọ́n lọ tààrà. Wọ́n ti igbá bọ̀ ọ́, omi ṣàn kọjá ẹnu, ó dà sínú yanrìn.

"Olúsọjí, ta ló kún un tó báyìí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Lójoojúmọ́?"

Mo ní lójoojúmọ́ ni. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí mi ò fi mọ̀ bóyá ẹ̀rín ṣì ni. Wọ́n ní kí n bu omi náà dà nù. Mo bu ú. Wọ́n ní kí n wa yanrìn, kí n yí àmù náà padà.

Wúrà, mo rí i. Lẹ́yìn, níbi tó kọjú sí ògiri, lókè díẹ̀ sí ìdajì—ìlà kan tó sán, gígùn bí ìka mi. Ìda oyin wà nínú rẹ̀, ó ti dúdú, òkè rẹ̀ ti ṣí. Ògiri tó wà níwájú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Màmá ní ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ wá fún mi ni. Nínú lọ́rì láti Igbótako, àmù náà lọ gbá irin. Wọ́n ní kí o jẹ́ kí àwọn wá òmíràn. O ní láéláé, wọn ò ní gbọ́ pé o gbé àmù sísán wọ ilé ọkọ. O fi ìda dí i, o kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ògiri. "Ó ní, 'Màmá, mi ò ní jẹ́ kí omi dé ibẹ̀, ọkọ mi kò sì ní mọ̀.'"

Mi ò mọ̀ lóòótọ́. "Ọ̀lẹ omi" ni mo máa ń pè ọ́. Wàá ti odò dé, wàá dà á, wàá dúró. Mo máa ní kún un. Wàá ní, "Ó tó." Ẹ̀rín músẹ́, o ti yíjú.

Mo wá sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Màmá, ọjọ́ yẹn ó béèrè omi, kò sí omi nínú àmù."

Wọ́n ní, "O ò rántí ni? Ibà ń jó Wúrà. Láti òwúrọ̀ lo ti ń bu omi náà, tí o fi ń tù ú lára. Mo ní kó o sinmi, o ò gbọ́. Ara rẹ̀ lo da gbogbo rẹ̀ sí, ọmọ mi. Ó ń sọ pé ó tutù, ó dára."

Mi ò rántí, Wúrà. Ìró igbá nìkan ni mo rántí. Mo gbé orí lé itan màmá rẹ, mo ké bí ọmọdé.

Wọn ò gbé àmù náà lọ. Wọ́n ní kó wà níbi tí o fi í sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Ọ́gọ́ọ̀sì

Kọ́kọ́rọ́ ró, lẹ́yìn náà Bàbá Rùfáì yọ. Ó gún ògiri. Ó tún un gún. Ọ̀pá ta padà. Ó ní, "Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀." Kí n fi amọ̀ dí ihò tó wà níbẹ̀, kí n máa jókòó. Mo ti ránṣẹ́ sí Benedict pé mi ò wá mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo pọn omi láàárọ̀ yìí. Mo dà á díẹ̀díẹ̀, mò ń wo ibi tí ìda wà. Nígbà tí omi kù díẹ̀ kó débẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀, kò fẹ́ dúró. Mo gbé garawa kúrò. Mo gbé ìyókù fún Ìyá Jàfárù. Ó ní, "Hẹ̀ẹ́! Ìyàwó tuntun lawọ́."

Mo padà wọlé, mo bẹ inú àmù wò. Ààyè wà lókè omi. Ojú mi wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó jìn díẹ̀ sí mi.

Ó tó, Wúrà.